Àwo Orin Tí Wọ́n Gbà Sílẹ̀ Nínú Òjò Àpápá

Lẹ́tà kan wà tí kò tètè dé ọwọ́ ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ilé iṣẹ́ àwo orin EMI ní London ló kọ ọ́ sí Paul McCartney, olórin tó ti wà nínú ẹgbẹ́ Beatles rí, pé kó jọ̀ọ́ kó má lọ sí Èkó, àrùn onígbáméjì ti bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí McCartney máa fi já lẹ́tà yẹn, ó ti lọ, ó ti bọ̀. Òjò Èkó ti pa á, olè ti dá a lọ́nà, èémí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ nínú sítúdíò, Fẹlá ti wá gbéná wò ó lójú, ó sì ti di téèpù orin rẹ̀ mọ́ra, ó gbalé lọ. Inú téèpù wọ̀nyẹn ni èyí tó pọ̀ jù nínú Band on the Run ti jáde, àwo tí ẹgbẹ́ rẹ̀, Wings, gbé síta ní ìparí ọdún 1973.

Ní oṣù Kejì ọdún 2024, wọ́n tún àwo náà gbé jáde nítorí pé ó pé 50 ọdún. Irú àtúngbéjáde báyìí sábà máa ń sú mi. Wọ́n á fọ ohùn orin mọ́, wọ́n á kó fọ́tò àtijọ́ jọ, wọ́n á wá ní kí ènìyàn tún san owó ohun tó ti wà nílé rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àwo kejì wà nínú èyí, “Underdubbed” ni wọ́n pè é. Àwọn orin kan náà ni, bí Geoff Emerick tó gba ohùn wọn sílẹ̀ ṣe pò wọ́n pọ̀ ní oṣù Kẹwàá 1973, kí Tony Visconti tó kó àwọn onífayolíìnì àti onífèrè lé wọn lórí. Ẹ jẹ́ ká sọ pé wọ́n bọ́ aṣọ òkè rẹ̀ sílẹ̀, èyí tó wà lábẹ́ la wá ń rí. Èyí tó wà lábẹ́ yẹn ló jẹ mí lógún, nítorí pé òun ló súnmọ́ Àpápá jù.

Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ àwo yìí. Bàbá Kékeré la máa ń pè é. Èbúté Àpápá ló ti ṣiṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì, Sùúrùlérè ló ń gbé, ó sì kó rẹ́kọ́ọ̀dù jọ bí ẹni tí kò ní gbọ́ bùkátà mìíràn: Hárúnà Ìṣọ̀lá, Jim Reeves, Fẹlá, gbogbo wọn wà nínú páálí kan náà. Ẹjọ́ kan ló máa ń bá Band on the Run ṣe, kò sì yí ẹjọ́ náà padà títí di òní. Á ní, “Ṣé o rí òyìnbó yìí? Ó lé ní oṣù kan tó lò nílùú wa. Wá tẹ́tí sí i dáadáa, kí o wá sọ fún mi, Èkó dà níbẹ̀?” Èmi á ní, “Bàbá Kékeré, bóyá ó fara pamọ́ ni, sà.” Á bú sẹ́rìn-ín. “Kò sí níbẹ̀ ni! Ó wọlé wa, kò tọ́ ọbẹ̀ wò.”

Mi ò ní èsì kankan fún un nígbà yẹn. Ó tó àkókò kí n fún un lésì.

Àwọn tó fẹ́ràn rọ́ọ̀kì ní irú àwo kan tí wọ́n máa ń jiyàn lé lórí láìsinmi: àwo tí gbogbo orin inú rẹ̀ ń tọ ọ̀nà kan ṣoṣo, tí kì í ṣe orin mẹ́wàá tí wọ́n kàn kó sínú páálí kan. McCartney wà lára àwọn tó la ọ̀nà yẹn. Òun ló dá a lábàá fún àwọn Beatles, kí 1967 tó wọlé tán, pé kí wọ́n díbọ́n bí ẹgbẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ Sgt. Pepper, kí wọ́n sì fi agọ̀ ẹgbẹ́ yẹn bojú kọrin. Lẹ́yìn ìyẹn ni ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ní 1969, The Who fi àwo méjì sọ ìtàn ọmọkùnrin kan tí kò ríran, tí kò gbọ́ràn, tí kò sì lè sọ̀rọ̀. Ní oṣù Kẹta 1973, Pink Floyd gbé tiwọn dé lórí àkókò, owó, àti orí tó ń dàrú, ayé sì gbà á lọ́wọ́ wọn bí ẹni gba omi lóùngbẹ. Ọdún tí ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì tí kò bá ní ọ̀rọ̀ gígùn láti sọ ń tijú ara rẹ̀ ni Wings kó ẹrù lọ sí Èkó.

Band on the Run kò pariwo pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lòun ń sọ. Kò sí ìtàn tí a lè pa nínú rẹ̀ láti orin kìn-ín-ní dé ìkẹyìn, kò sí ẹ̀dá kan tí a lè tẹ̀ lé. Àwọn kan tilẹ̀ ní kì í ṣe irú àwo bẹ́ẹ̀ rárá. Èmi ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀.

Orin àkọ́kọ́, tó fún àwo lórúkọ, orin mẹ́ta tí wọ́n so pọ̀ ni. Ẹni tó ń kọrin wà láàárín ògiri mẹ́rin, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, gìtá rọra ń tẹ̀ lé e. Orin yí padà, ó le díẹ̀, ẹni yẹn wá ń ro ohun tí yóò ṣe bí wọ́n bá lè jáde níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹnu George Harrison ni McCartney ti mú ọ̀rọ̀ jíjáde yẹn, níbi ìpàdé ilé iṣẹ́ àwọn Beatles kan tí kò fẹ́ tán. Lójijì, àwọn onífayolíìnì ya wọlé, gìtá onígi gba orin lọ́wọ́ wọn, òjò bú, wọ́n sì ti wà níta. Láti ibẹ̀ lọ, wọ́dà ń wá wọn, adájọ́ ń wá wọn, kò sẹ́ni tó rí wọn mú.

Ẹ tẹ̀ síwájú. Nínú “Bluebird”, olólùfẹ́ méjì di ẹyẹ, wọ́n fò kọjá òkun. Nínú “Mrs Vandebilt”, ẹnìkan pàgọ́ sínú igbó, owó kò kàn án, ọ̀la kò kàn án, ó ní kí ẹ yéé yọ òun lẹ́nu. “Mamunia” ní kí ẹni tí òjò ń pa má ráhùn. “Picasso’s Last Words” sọ nípa àgbà ayàwòrán tó gbé ife sókè kó tó sùn oorun tí kò ní jí. Orin yìí ní ìtàn tirẹ̀. Montego Bay ní Jàmáíkà ni wọ́n ti kọ ọ́, nígbà tí Dustin Hoffman pe McCartney níjà pé kó kọ orin lójú ẹsẹ̀ lórí ìròyìn ikú Picasso, tó kú ní oṣù Kẹrin 1973. Kí ni Hoffman wá ṣe ní Jàmáíkà? Fíìmù ló wá ṣe, fíìmù nípa ẹlẹ́wọ̀n méjì tó ń wá ọ̀nà àtisá. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti wà lórí ènìyàn, gbogbo ibi tó bá yà sí ló máa ń bá a pàdé.

Kì í ṣe gbogbo orin ló bọ́ sí ojú ọ̀nà yìí o. “Jet” jẹ́ orin ariwo tó dùn, mi ò sì mọ ohun tó ń sọ títí di òní, kò sì dí mi lọ́wọ́. “Let Me Roll It” kò sá fún ẹnikẹ́ni. Gìtá rẹ̀ kàn ń gbó ni. Ṣùgbọ́n bí àwo ṣe ń lọ sópin, èérún “Jet” àti ti “Mrs Vandebilt” tún yọ nínú orin Picasso, nígbà tí orin ìkẹyìn bá sì ti pariwo dé góńgó, ègbè orin àkọ́kọ́ yóò padà wá fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, á sì parẹ́. Ẹni tó bá ti jókòó níbi àlọ́ mọ ọgbọ́n yìí. Ìjàpá lè rìn dé ibi yòówù, orin inú àlọ́ ni yóò máa rán ọ létí ẹ̀ṣẹ̀ tó mú un kúrò nílé.

Ta ló wá ń lé McCartney? Ní ìparí 1970 ló pe àwọn mẹ́ta yòókù lẹ́jọ́ ní London kí àjọṣe Beatles lè túká lábẹ́ òfin, ọ̀ràn náà sì ń fà nílẹ̀ títí di 1973 yẹn. Àwọn tó ń kọ̀wé lórí orin kò dá àwo àkọ́kọ́ Wings sí, wọ́n nà án bí ẹní na ejò. Ohun gbogbo tó bá ṣe ni wọ́n ń fi wé èyí tó ti ṣe rí. Ó béèrè lọ́wọ́ EMI pé níbo ni wọ́n ní sítúdíò sí káàkiri ayé, wọ́n kó orúkọ ìlú fún un, Rio de Janeiro wà níbẹ̀, Èkó náà wà níbẹ̀. Ó mú Èkó. Oòrùn ló rò, etíkun ló rò, kí wọ́n máa ṣeré lọ́sàn-án, kí wọ́n kọrin lálẹ́. Ọmọ Èkó wo ló wà tí ì bá gbà á nímọ̀ràn pé kó lọ jẹ̀gbádùn etíkun láàárín oṣù Kẹjọ sí Ìkẹsàn-án?

Kí ọkọ̀ òfurufú tilẹ̀ tó gbéra, ẹgbẹ́ ti fọ́. Henry McCullough tó ń ta gìtá bínú kúrò. Denny Seiwell tó ń lùlù pè lórí fóònù nígbà tí ìrìn-àjò ti kù dẹ̀dẹ̀ pé òun ò lọ mọ́. Ó wá ku mẹ́ta: Paul, ìyàwó rẹ̀ Linda tí kò tíì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ dùùrù, àti Denny Laine. Àwọn ọmọ wà lẹ́yìn wọn, Stella tó kéré jù kò tíì pé ọdún méjì. Paul wá di onílù, ó di onígìtá béèsì, ó di onídùùrù, ó tún jẹ́ olórí akọrin.

Èkó tí wọ́n balẹ̀ sí jẹ́ olú-ìlú orílẹ̀-èdè tí ogun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní oṣù Kìn-ín-ní 1970. Gowon ló ń ṣèjọba. Oṣù díẹ̀ ṣáájú, ní oṣù Kìn-ín-ní 1973, ni náírà rọ́pò pọ́ọ̀nù, oṣù yẹn kan náà ni wọ́n sì ṣe eré ìdárayá gbogbo Áfíríkà ní Sùúrùlérè. Òfin tó ní kí mọ́tò máa gba ọwọ́ ọ̀tún kò tíì pé ọdún kan àbọ̀. Bàbá Kékeré máa ń sọ pé ìgbà yẹn dùn, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó ti kọjá ló dùn lójú rẹ̀.

Ojúlé EMI wà ní Wharf Road, Àpápá, ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń já ẹrù. Ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ ibẹ̀ kò lè gbà ju ipa ohùn 8 lọ, nígbà tí London ti ń lo 16. Emerick, tó ti bá àwọn Beatles ṣiṣẹ́ ní Abbey Road, sítúdíò EMI ní London, dé ibẹ̀, ó rí i pé wọn ò tíì kọ́ ilé náà parí bó ṣe yẹ. Kòkòrò sì ń bà á lẹ́rù ju ohun gbogbo lọ. Orin “Mamunia”, tí McCartney ti fi orúkọ òtẹ́ẹ̀lì kan ní Marrakech pè kó tó bọ̀, wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, òjò sì ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ṣe “Mrs Vandebilt”, iná lọ. Ẹ kú ilé o! NEPA, tí ìjọba fi òfin dá sílẹ̀ ní 1972, ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fi parí rẹ̀, wọ́n ń gbàdúrà kí ariwo rẹ̀ má wọ inú téèpù. Ní ọdún 2008, McCartney kọ orin yẹn ní gbàgede Kyiv níwájú èrò rẹpẹtẹ, gbogbo wọn ń gbe ègbè “ho, hey ho”. Mo máa ń fẹ́ mọ iye wọn tó mọ̀ pé jẹnẹrétọ̀ Àpápá ló gbé orin yẹn dìde.

Lọ́jọ́ mìíràn, McCartney ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, àyà rẹ̀ há, ó jáde sínú ooru, ó ṣubú lulẹ̀. Linda rò pé ọkọ òun ti kú. Dókítà ní sìgá ló pọ̀ jù, ọ̀nà èémí ló dì.

Wọ́n dé àṣálẹ́ tí gbogbo ènìyàn máa ń sọ. Paul àti Linda ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má dán an wò. Mọ́tò kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. McCartney rò pé wọ́n fẹ́ fi mọ́tò gbé wọn ni, ó dúpẹ́, ó ní kí wọ́n máa lọ. Mọ́tò lọ síwájú díẹ̀, ó tún dúró, àwọn ọkùnrin bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ. Linda figbe ta pé olórin ni, kí wọ́n má pa á. Wọ́n gba àpò, wọ́n gba kámẹ́rà, wọ́n gba ìwé tó kọ ọ̀rọ̀ orin sí, wọ́n sì gba káàsẹ́ẹ̀tì tó ti kọ àwọn orin tuntun náà sí láti ilé.

Káàsẹ́ẹ̀tì yẹn kì í kúrò lọ́kàn mi. McCartney máa ń ṣàwàdà pé àwọn olè náà á ti gba nǹkan mìíràn lé e lórí. Bóyá wáàsí. Bóyá Àyìnlá Ọmọwúrà, tí òun náà jẹ́ ọmọ EMI nígbà yẹn. Ẹni tó ní orin ò ní nǹkan kan lọ́wọ́ mọ́, orí rẹ̀ nìkan ló kù. Ó jókòó ní Àpápá, ó ń fà á yọ látinú iyè: báwo ni ibí yìí ṣe ń lọ, kí ni ègbè rẹ̀, níbo ló ti yí padà.

Èsì mi fún Bàbá Kékeré nìyẹn. Ó ń wá Èkó nínú ìlù, kò rí i. Èmi rí i nínú ohun tí Èkó gbà lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ẹni tó ní káàsẹ́ẹ̀tì lè máa tọ́jú gbogbo orin rẹ̀, èyí tó dùn àti èyí tí kò dùn. Ẹni tí wọ́n gba tirẹ̀ yóò rántí kìkì èyí tó lẹ̀ mọ́ ọn lórí. Mi ò lè fi ẹ̀rí èyí lélẹ̀ ní kóòtù, èrò tèmi ni. Ṣùgbọ́n ẹ mú àwo tó ṣe ṣáájú èyí, Red Rose Speedway, kí ẹ gbọ́ ọ, àwọn orin inú rẹ̀ pọ̀ tó ń rìn gbéregbère láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ. Nínú Band on the Run, bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, o ti gbá a mú. O lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan nínú danfó, kí o máa kùn ún títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Orin tó ti la iyè ẹni tó ni ín kọjá, kò ṣòro fún iyè ẹlòmíràn.

Fẹlá wá ńkọ́? Ó ti gbọ́ pé òyìnbó kan tó tóbi wà ní Àpápá, ó sì wá sí sítúdíò láti bi í bóyá orin àwọn ènìyàn dúdú ló wá jí. McCartney ní kó jókòó, ó fi ohun tó ti gbà sílẹ̀ hàn án. Fẹlá gbọ́ ọ, ó rí i pé kò sí nǹkan tiwa kankan níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ẹ̀rù Fẹlá kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Ìtàn orin kún fún olówó tó gba tálákà lórin. Ṣùgbọ́n mo máa ń rẹ́rìn-ín, nítorí pé ní 1971, Fẹlá fúnra rẹ̀ gba àwo Fela’s London Scene sílẹ̀ ní Abbey Road, kò sì sẹ́ni tó wá bi í níbẹ̀ pé kí ló fẹ́ jí.

McCartney lọ sí Shrine lálẹ́ ọjọ́ kan. Nígbà tí ẹgbẹ́ Africa 70 bẹ̀rẹ̀, tí Tony Allen ń lùlù lábẹ́ wọn, ó sunkún. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́, pé òun ò tíì rí ẹgbẹ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀ lójú agbo rí. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ó ṣì lè fi ẹnu kọ ìró tó gbọ́ níbẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí téèpù lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà yẹn pẹ̀lú. Ohun tó gbé kúrò ní Shrine kò jáde nínú àwo, inú orí rẹ̀ ló wà títí dòní. Mi ò mọ̀ bóyá ìbẹ̀rù ẹjọ́ Fẹlá ló dá a dúró, tàbí pé ó mọ̀ pé òun ò lè ṣe é dáadáa. Bí ó bá jẹ́ èyí kejì, ọgbọ́n ni. A ti gbọ́ àwo òyìnbó tó fi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ díẹ̀ wọ́n orin rẹ̀, kò sí èyí tó pẹ́ láyé.

Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Cream tẹ́lẹ̀ tó ti fi Nàìjíríà ṣelé, ní sítúdíò tirẹ̀, ARC, ní Ìkẹjà. Inú bí i pé Àpápá ni Wings lọ. Wọ́n fi orin Picasso bẹ̀ ẹ́: ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é, òun náà sì mì agolo òkúta wẹ́wẹ́ sí i. Ṣé ẹ rí i, ọ̀kan nínú àwọn onílù tó lórúkọ jù lágbàáyé, ní ìlú àwọn onílù, agolo ni wọ́n fún un. Èyí tó tún pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé ọmọ Nàìjíríà kan ṣoṣo tó lùlù nínú àwo náà, Remi Kabaka, nínú “Bluebird”, London ni wọ́n ti bá a pàdé nígbà tí wọ́n padà délé.

Ní London náà ni Visconti ti kó olórin bí 60 wọlé, lẹ́yìn tí wọ́n fún un ní ọjọ́ díẹ̀ péré láti kọ ohun tí wọ́n máa fọn àti ohun tí wọ́n máa ta. Iṣẹ́ rẹ̀ dára. Ibi tí orin àkọ́kọ́ ti bọ́ láti inú ẹ̀wọ̀n sí ìta, òun ló wó ògiri yẹn. Nínú àwo “Underdubbed”, ògiri kò wó bẹ́ẹ̀. Orin kàn yí padà, o sì ní láti fi ọkàn rẹ bá wọn jáde. Èmi gbà pé ti àtijọ́ dára jù fún orin yẹn, mi ò ní puró. Ṣùgbọ́n fún “Nineteen Hundred and Eighty-Five”, orin ìkẹyìn yẹn, èyí tí wọ́n bọ́ aṣọ lára rẹ̀ ni mo fẹ́. Dùùrù yẹn ń sáré, ìlù McCartney ń lé e, ìlù tí kì í ṣe ti ọ̀gá onílù, tó ń tẹ̀ síwájú díẹ̀, tó ń fà sẹ́yìn díẹ̀. O gbọ́ pé ènìyàn kéré nínú yàrá. Ẹni tó ń lùlù ni yóò tún lọ ta gìtá. Àwọn olórin Visconti ti bo àìtó ènìyàn yẹn mọ́lẹ̀ fún 50 ọdún. Nínú “No Words”, ohùn Denny Laine àti ti Paul wà ní gbangba, kò sí ohun tó wà láàárín wọn àti etí rẹ. Laine ló bá McCartney kọ orin yẹn. Ó kú ní oṣù Kejìlá 2023, àtúngbéjáde yìí kò bá a láyé.

Mo fi “Nineteen Hundred and Eighty-Five” yìí ránṣẹ́ sí Bàbá Kékeré lórí WhatsApp, mo kọ gbogbo àlàyé mi nípa káàsẹ́ẹ̀tì tí olè gbé lọ sí i. Ó fi ohùn dá mi lóhùn lọ́jọ́ kejì: “Ọmọ mi, o ṣeun. Ìyẹn ni pé olè Èkó ni kí wọ́n fún lówó orin.” Ó tún ní kí n fi agbára kún dátà òun.

Àwo náà kò tètè tà nígbà tó jáde. Ó di ìgbà tí wọ́n yọ “Jet” àti orin àkọ́kọ́ síta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kó tó gbéra. Ó gba ipò kìn-ín-ní ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹrin 1974, ó já sílẹ̀, ó tún padà síbẹ̀, ìgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló gun orí àtẹ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó di oṣù Keje ọdún náà kó tó débẹ̀, ó sì lo ọ̀sẹ̀ méje. Emerick gba Grammy nítorí bó ṣe gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, òun tí kòkòrò Èkó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé padà sílé.

Ohun kan ń dùn mí nínú gbogbo ariwo ọdún 50 yìí, kì í sì í ṣe ẹ̀bi McCartney. Gbogbo ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa Àpápá 1973 ni wọ́n fi ń dárúkọ òjò, olè, kòkòrò àti iná tó lọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé yàrá òfìfo ni Wings bá. Bẹ́ẹ̀, rọ́ọ̀kì wà ní Èkó nígbà yẹn, EMI kan náà ló sì ń tẹ̀ ẹ́ jáde. BLO gbé Chapter One síta ní ọdún 1973 yẹn gan-an, Láolú Akins lórí ìlù, Berkley Jones lórí gìtá. Àwọn ọmọ ilé ìwé St. Gregory’s ní Obalende dá Ofege sílẹ̀, wọ́n sì gba Try and Love sílẹ̀ fún EMI kí wọ́n tó jáde ilé ìwé. Bí mo bá fi Try and Love sẹ́gbẹ̀ẹ́ Red Rose Speedway, àwọn ọmọkùnrin Obalende ni mo máa gbọ́, láìronú lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn ìbejì Lijadu, Táíwò àti Kẹ́hìndé, náà wà níbẹ̀. Wọ́n bá ẹgbẹ́ Salt ti Ginger Baker kọrin ní 1972. Kẹ́hìndé kú ní 2019. Ní 2024, ọdún kan náà tí wọ́n tún Band on the Run gbé jáde, ilé iṣẹ́ kan ní Chicago tún Horizon Unlimited gbé jáde, àwo tí àwọn ìbejì ṣe ní 1979. Mo ra méjèèjì. Ti McCartney ni mo kọ búlọ́ọ̀gù lé lórí, nítorí pé òun ló ní ìjà pẹ̀lú Bàbá Kékeré. Ti àwọn ìbejì ni mò ń gbọ́ láti àárọ̀.